Ìlú wà lára kẹ̀kẹ́

Sátẹ́láìtì kékeré tí wọ́n ń pè ní CubeSat kò ju páálí kan lọ: sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, 10 ní ìbú, 10 ní gíga. Ẹni tó bá fẹ́ ńlá á to páálí mẹ́ta tàbí mẹ́fà pọ̀. Láti 1999 tí wọ́n ti fi ìwọ̀n yìí lélẹ̀ ní California, bátìrì rẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀, títí dé pátákó tó ń gba iná oòrùn, ti di ọjà orí àtẹ. Yunifásítì FUTA l'Ákùrẹ́ náà ní ọ̀kan tó lọ sókè ní 2017.

Bí wọ́n bá ti ní kí ó kọjá òṣùpá, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ni pé ẹ̀yà olówó pọ́ọ́kú ò lè gbà á, ìtànṣán ojú ọ̀run á bà á jẹ́. Ìtànṣán ń ba nǹkan jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni gbùngbùn ọ̀rọ̀. Snapdragon 801, ọpọlọ kọ̀ǹpútà irú èyí tó ń bẹ nínú fóònù ọdún 2014, ló wà nínú Ingenuity, hẹlikọ́pítà kékeré tí Amẹ́ríkà rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n fẹ́ kó fò lórí Mars. Ó fò nígbà 72.

Ẹ wo kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń ná Tankẹ sí Post Office n'Ílọrin. Kò gbé táyà àpòjù, kò gbé irinṣẹ́, epo rẹ̀ kì í kún. Onítọ̀hún ò gọ̀. Fọkanáísà wà lórítà, mẹkáníìkì wà lábẹ́ igi, bó bá sì kú sójú títì, èrò ẹ̀yìn á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á bá a tì í, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣépè. Ẹ wá gbé kẹ̀kẹ́ yìí kan náà kọrí sí Kàíámà lóru. Kẹ̀kẹ́ ò yí padà o. Ìlú ló bọ́ kúrò lára rẹ̀.

Ayé ni ìlú CubeSat. Wíìlì kékeré ló fi ń yíjú: bí wíìlì bá yí sọ́tùn-ún, ara rẹ̀ á yí sósì. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń tì í díẹ̀díẹ̀ láìsinmi, wíìlì sì gbọ́dọ̀ máa yára sí i kó lè dúró dè é, títí kò fi ní lè yára ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Igbá kún nìyẹn. Nítòsí ayé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń da igbá náà nù. Wọ́n á fi iná sínú wáyà kọ́pà tí wọ́n wé, wáyà á di mágínẹ́ẹ̀tì, mágínẹ́ẹ̀tì ayé tó ń fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì sí àríwá á sì gbá a mú, wíìlì á rí ibi fẹ̀yìn tì, á dẹ̀rọ̀. Kò jẹ epo, kò sí nǹkan tó ń tán níbẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, àfi pé ìdajì ẹ̀rọ náà wà nínú ikùn ayé, kò sí lórí àtẹ.

Lọ́nà Mars, wáyà yẹn di ẹrù lásán. Nígbà tí CubeSat méjì tí wọ́n ń pè ní MarCO gbéra lọ sí Mars ní 2018, àpótí tó ń yí wọn jẹ́ ọjà títà, ṣùgbọ́n gáàsì irú èyí tó ń pa iná ni wọ́n fi ń da igbá wọn nù, gáàsì sì ń tán. Rédíò orí àtẹ náà ò wúlò: kìlómítà mílíọ̀nù 146 ló wà láàárín wọn àti ilé lọ́jọ́ tí InSight, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n jọ gbéra, balẹ̀ sí Mars, ọ̀rọ̀ ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ́nà. JPL, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ṣe MarCO, ní láti ṣe rédíò tiwọn. Ẹni tó bá fi owó páálí ṣírò ìrìn àjò yìí kò tíì kà nǹkan kan.

CubeSat mẹ́wàá bá Artemis I, ìrìn àjò òṣùpá ti Amẹ́ríkà, lọ ní 2022. Fáàfù ẹ́ńjìnì ọ̀kan nínú wọn, LunaH-Map, há. Òmíràn, OMOTENASHI ti Japan, kẹ̀yìn sí oòrùn, ó ń pòòyì títí iná fi tán nínú bátìrì rẹ̀. Nítòsí ayé, wáyà kọ́pà ni wọ́n fi ń rọ irú òòyì bẹ́ẹ̀.