Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Láti Ẹ̀yà Púpọ̀: Ẹ Má Ti Ibi Ankó Bẹ̀rẹ̀

Agbẹjọ́rò ni mí, iṣẹ́ ìlàjà ni mo sì fi ń kún un ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àwọn ọ̀dọ́ tí kì í ṣe Yorùbá máa ń wá bá mi pé àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀: ọmọ Haúsá láti Sábó, Fúlàní láti gàá, ọmọ Ìgbò tó ń ta páàtì mọ́tò, Àgàtú àti Tífì tó ń kọ ebè lóko wa. Ankó, bọ́ọ̀lù àti ọjọ́ àṣà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ tán, tí a jó tán, ohun tó ń dùn wọ́n ṣì wà nílẹ̀. Èmi a wá bi wọ́n pé: kí ni wọ́n ń fi dù yín tí wọn kì í fi du ọmọ onílùú?

Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ jù. Ẹ fojú inú wo ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Sábó, tó kàwé níbẹ̀, tó jẹ́ pé ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà. Ó fẹ́ gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Akọ̀wé wo orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù, ó ní, "Lọ gbà á nílùú bàbá ẹ." Bàbá ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò dé ìlú yẹn rí. Bí ọmọ náà bá débẹ̀, wọn óò ní ta ló mọ̀ ọ́n?

Òfin kò ràn án lọ́wọ́ tó bó ti yẹ. Abala 42 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 kọ̀ kí ìjọba fi ẹ̀yà, ìlú ẹni tàbí ẹ̀sìn fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́: àwọn ẹ̀yà kéékèèké ti fi ẹ̀rù wọn han ìgbìmọ̀ Willink tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé dìde ní 1957 sí 1958, ìgbìmọ̀ náà sì dábàá pé kí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wọ inú òfin kí a tó gba òmìnira. Ṣùgbọ́n abala 318 ní ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ níbẹ̀. Pé wọ́n bí ọ síbẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Abala 15 ní kí ìjọba fún gbogbo wa ní ẹ̀tọ́ olùgbé níbikíbi, àmọ́ orí kejì òfin ló wà, ohun tó sì wà níbẹ̀ ṣòro láti gbé lọ sí kóòtù.

Ohun tí kò lẹ́jọ́ nínú wà o. Ibi tí ẹ ń gbé tàbí tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ lẹ lè ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Láti 2018, ẹni ọdún 25 lè díje sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, òfin kò sì béèrè ìwé ìbílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu pé ìlú yìí ni a ti ń jiyàn ọ̀rọ̀ àlejò. Àwọn ìyá wa kan mọ Támálè ní Gánà ju Tákíè tó wà nílùú wa níbí lọ. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀, wọ́n kó ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún bọ̀ wálé. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé ará Gánà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ "lọ sílùú bàbá ẹ" fún ọmọ Sábó, kó kọ́kọ́ bi ìyá ìyá rẹ̀ léèrè.

Nítorí náà, ẹ má dá ẹgbẹ́ ẹ̀yà kan. Bí Haúsá nìkan bá kọ̀wé sí káńsù, wọn óò ní ọ̀rọ̀ Haúsá ni. Bí Ìgbò, Àgàtú àti ọmọ Yorùbá bá fọwọ́ sí i, ó di ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹ pe àwọn ọmọ onílùú láti ìpàdé àkọ́kọ́. Ẹ lọ rí Sẹ̀ríkí, ẹ lọ rí baálẹ̀. Ẹ má sì fi ìpàdé sí ẹ̀yìn ìrun ìṣáì lálẹ́. Bàbá wo ló máa jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ wá?

Ibi tí ẹgbẹ́ yìí ti ń wúlò jù ni ọjọ́ tí màlúù bá jẹ oko. Kí ọ̀dọ́ gàá àti ọ̀dọ́ abúlé jọ débẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n jọ ka ebè tó bàjẹ́, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n mọ ẹni tó ni màlúù, kí ẹnikẹ́ni tó gbé e sórí WhatsApp. Orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ ni kí wọ́n dá, kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀. Ìjà èèyàn díẹ̀ lọ́jà Sásà, n'Ìbàdàn, ní oṣù kejì 2021, ó di ti Yorùbá àti Haúsá kíákíá. Ẹ̀mí lọ, ṣọ́ọ̀bù jóná. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, èmi tí kóòtù ń bọ́ ni mo wí bẹ́ẹ̀, nítorí náà owó oko ni kí ẹ parí rẹ̀ nílé. Ti ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú èyí: bí wọ́n bá pa èèyàn tàbí tí wọ́n fipá bá obìnrin lò, ọlọ́pàá ni kí ẹ pè, kí ẹgbẹ́ má bo ẹnikẹ́ni.

Ẹ ò nílò ìwé ìjọba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Abala 40 ti fún yín láyè. Ìgbà tí owó bá fẹ́ máa wọlé ni kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ lè ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́. Kí àwọn tó máa fọwọ́ sí ìwé báǹkì wá láti ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì máa ka ìṣirò owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù.