Pátákó Coca-Cola àti irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ ọn: kí ni àdàkọ, kí ni ayédèrú?

Ọmọkùnrin kan tó ń ta àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ fa pátákó Coca-Cola pupa kan yọ lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún dáadáa kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ara ṣọ́ọ̀bù bàbá wa àgbà ní Oǹdó ni wọ́n ti yọ eléyìí. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ló ti wà níbẹ̀." Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilà funfun kan wà lábẹ́ orúkọ náà, tó ń yí bí omi odò. Ọdún 1969 ni ilé-iṣẹ́ náà mú ilà yẹn jáde, a sì ti gba òmìnira ní 1960.

Ó yẹ kí á ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ níbí. Ojúlówó ni ohun tí ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò fúnra rẹ̀ ṣe láti fi polówó ọjà, lásìkò tí wọ́n ní ó ṣe é gan-an. Àdàkọ ni èyí tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn náà kó lè jọ ti àtijọ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Láàárín 1970 sí 1979, Coca-Cola fúnra rẹ̀ gbà kí wọ́n tún àwọn tíréè àtijọ́ rẹ̀ tẹ̀, àwọn èèyàn sì rà wọ́n nítorí ẹwà wọn. Ayédèrú ni àdàkọ tí ẹnì kan ti pa irọ́ mọ́. Ẹni tó bá fi sáńpépà ha ọdún tó wà lára irú tíréè bẹ́ẹ̀ dànù, tó ní ti 1920 ni, òun ló sọ ọ́ di ayédèrú. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń jẹ́ kí ọlọ́jà sọ ìtàn rẹ̀ tán kí n tó yẹ ọjà wò.

Ẹ̀yà kan tún wà tó burú jù lójú mi: ohun tí kò ní ojúlówó rárá. Orí bẹ́líìtì onídẹ tí wọ́n kọ Coca-Cola sí, tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà bí ohun tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, inú orí ẹnì kan ló ti wá. Kò sí èyí tí ẹ fẹ́ gbé e wé.

Nínú pátákó, ti tánganran ló níyì jù. Ẹni tó bá ti jẹun nínú abọ́ tánganran nílé ìyá àgbà ti mọ̀ ọ́n. Ìgò tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n ń dà sórí irin, wọ́n á tì í sínú iná tó gbóná ju ìwọ̀n 700 Celsius lọ, ìgò náà á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ irin. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iná tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fi èékánná wọ́ ọ láti orí pupa bọ́ sórí lẹ́tà funfun, ẹ máa ń mọ̀ ọ́n lára pé ibì kan ga ju ibì kan lọ. Èyí tí wọ́n kàn fi ẹ̀rọ tẹ̀ á máa yọ̀ lábẹ́ èékánná. Tánganran tún máa ń wúwo, mágínẹ́ẹ̀tì á sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Abọ́ tánganran tó bá jábọ́ á bó, ibi tó bó á dúdú, ìpáàrà á sì wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni pátákó: á bó létí, á bó yí ihò ìṣó ká, nítorí ẹni tó kàn án ti fún ìṣó le jù. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń rì í mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n fi omi iyọ̀ pa á. Ìpáàrà tiwọn á tàn káàkiri déédéé, á pọ́n bí epo, á sì wà níbi tí ohunkóhun ò gbá rí. Etí pátákó ọmọkùnrin yẹn ti dógùn-ún yíká, ṣùgbọ́n ihò ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ tónítóní. Kí ló wá gbé e dúró lára ògiri bàbá àgbà?

Ní ti tíréè páànù, ẹ yá awò tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú. Lẹ́tà ojúlówó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo tó dì. Bó bá jẹ́ pé àwòrán tíréè àtijọ́ ni wọ́n yà kí wọ́n tó tún un tẹ̀, ẹ máa rí i pé àmì tóótòòtó ló para pọ̀ di lẹ́tà náà. Bébà ní tirẹ̀, iná tí wọ́n fi ń yẹ owó náírà wò tó o. Láti nǹkan bí 1950 ni wọ́n ti ń fi èròjà tó ń mú bébà funfun sí i, ó sì máa ń tàn lábẹ́ iná yẹn. Bí bébà "1930" bá tàn, ẹ dá a padà. Bí kò bá tàn, ìyẹn nìkan kò tíì sọ ọ́ di ojúlówó.

Àwọn àmì ọjọ́ orí tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa náà wà lára ọjà tí wọ́n bá ní Nàìjíríà ni wọ́n ti lò ó. Ọdún 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pọn Coca-Cola sínú ìgò ní Èkó. Iye owó tó bá jẹ́ tọ́rọ́ tàbí sísì ti wà kó tó di oṣù kìíní ọdún 1973. Kọ́bọ̀ kò lè ṣáájú ìgbà náà. Kàlẹ́ńdà tí wọ́n kọ "Ondo Province" sí lè jẹ́ ti ayé òyìnbó, ṣùgbọ́n "Ondo State" kò sí kó tó di oṣù kejì ọdún 1976. Ẹ ṣọ́ra fún ìgò tí wọ́n kọ 1915 sí lára o. Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ lórí bí ìgò náà ṣe rí ni wọ́n kọ, wọ́n sì tún ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Mo ṣàlàyé ilà funfun náà fún ọmọkùnrin yẹn. Ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹni tó tà á fún mi ṣe wí ni mo wí." Mo gbà á gbọ́. Iye tí wọ́n ń ta àdàkọ ni mo san. Kí n tó gbé e kọ́ sí pálọ̀, mo fi máákà kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà pé: "Àdàkọ ni. Kò ṣáájú 1969."