Kí Ẹ Tó Sanwó Dífẹ́ríńṣà, Ẹ Wọ Abẹ́ Ọkọ̀

Ẹ̀gbọ́n kan gbé dífẹ́ríńṣà, ìkòkò jíà tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Houston lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù wọn, wọ́n fi aṣọ bò ó bí ẹrù ìyàwó. Chevelle 1969, ọkọ̀ kékeré ti Chevrolet, ni wọ́n ń tún ṣe, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 12-bolt, oníbóòtù méjìlá. Wọ́n ní, "Àbúrò, wá kà á. Méjìlá pé." Mo kà á, méjìlá pé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ píkọ́ọ̀pù ni irin náà ti wá. Ẹnìkan ti gé apá rẹ̀ méjèèjì kúrú, ó ti jó irin mọ́ ọn lórí, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó sì tà á fún wọn ní iye tí wọ́n ń ta ti ọkọ̀ kékeré.

Chevrolet fi bóòtù méjìlá de ìdérí ẹ̀yìn dífẹ́ríńṣà ọkọ̀ kékeré, ó sì fi méjìlá de ti píkọ́ọ̀pù náà. Kíráùn, jíà ńlá roboto inú méjèèjì, fẹ̀ dọ́gba, 8.875 íńṣì láti etí dé etí. Ara píníọ̀nì, jíà kékeré tó ń yí kíráùn, ni ìyàtọ̀ wà. Ọ̀pá píníọ̀nì ti ọkọ̀ kékeré ki tó 1.625 íńṣì, ti píkọ́ọ̀pù kò ju 1.438 lọ. Jíà ọ̀kan kò ní wọnú èkejì láéláé. Chevelle tún fẹ́ etí méjì lórí ìkòkò irin tó wà láàárín ásùlù, níbi tí apá òkè tó di ásùlù mú yóò ti so mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ da etí yẹn pọ̀ mọ́ ìkòkò náà ni. Tí ẹ bá rí ojú iná wẹ́lídà níbẹ̀, ẹ béèrè ìtàn rẹ̀ kí ọwọ́ yín tó kan àpò. Kódà 12-bolt ojúlówó láti abẹ́ Camaro tàbí Nova, ọkọ̀ Chevrolet míì, kò lè wọ abẹ́ Chevelle bẹ́ẹ̀ lásán, nítorí orí sípíríìnì pẹlẹbẹ ni àwọn yẹn jókòó sí, wọn kò ní etí lórí.

Fún ẹni tí kò wọ abẹ́ ọkọ̀ rí, n ó fi ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi n'Íbàdàn ṣàlàyé. Ó ní ká rántí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń yan lójú pápá lọ́jọ́ àyájọ́ àwọn ọmọdé. Tí ìlà bá ń yípo, ọmọ tó wà ní ìta á máa gbẹ́sẹ̀ gígùn, tó wà nínú á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹlẹ̀ lójú kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjèèjì lẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Pùròpẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára wá láti jíábọ́ọ̀sì, ń yí píníọ̀nì, píníọ̀nì ń yí kíráùn, àwọn jíà kéékèèké àárín sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ìta sáré ju ti inú lọ. Iṣẹ́ dífẹ́ríńṣà kò ju ìyẹn lọ, àfi pé òun náà ló ń dín ìyípo ẹ́ńjìnnì kù kí agbára tó dé táyà.

Láàárín àwọn oníbóòtù mẹ́wàá ti General Motors, ilé iṣẹ́ tó ni Chevrolet, ẹ ṣọ́ra. Èyí tí kíráùn rẹ̀ jẹ́ 8.2 íńṣì ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ wọn láti 1964. Nígbà tó di 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo 8.5, èyí sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ìkòkò náà. Tí ẹ bá rí kókó irin onígun mẹ́rin méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, 8.5 ni. Bí ìsàlẹ̀ bá rí rubutu, tó ń dán, 8.2 ni. Ọ̀pá píníọ̀nì 8.5 ki tó 1.625 íńṣì, bíi ti 12-bolt ọkọ̀ kékeré gẹ́lẹ́.

Ti Ford rọrùn láti dá mọ̀, ṣùgbọ́n wàyó pọ̀ nídìí rẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Èyí tí gbogbo ayé ń wá ni 9 íńṣì, tó jáde fún ọkọ̀ 1957, tí Ford sì ń lò títí dé 1986. Kò ní ìdérí tó ń ṣí lẹ́yìn. Iwájú ni gbogbo inú rẹ̀ ń gbà jáde lápapọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn eléré ìje fi fẹ́ràn rẹ̀: wọ́n lè ní inú méjì, kí wọ́n yọ ọ̀kan, kí wọ́n ti èkejì bọ̀ ọ́. Bẹ́árìn kan tún wà ní ṣóńṣó píníọ̀nì rẹ̀ tó ń dì í mú. Ìṣòro ni pé Ford tún ṣe 8 íńṣì tó jọ ọ́ bí ìbejì, èyí tó rọ ju 9 lọ dáadáa, àwọn kan sì ń tà á lórúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ mú sọ́kẹ́ẹ̀tì dání. Lára 8 íńṣì, sọ́kẹ́ẹ̀tì máa wọ gbogbo nọ́ọ̀tì iwájú pátá. Lára 9 íńṣì, ikùn ìkòkò náà dí méjì tó wà nísàlẹ̀ lójú, sípánà lásán ló lè dé ibẹ̀. Bí olùtajà bá ní ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ yọ ọ́.

9 íńṣì kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Píníọ̀nì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ gan-an sí àárín kíráùn, eyín wọn ń fara ra ara wọn, ó sì ń jẹ díẹ̀ nínú agbára ẹ́ńjìnnì. Fún ọkọ̀ tí ẹ kàn ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti òde, owó yín lè wúlò níbòmíràn.

Ti Chrysler, 8¾, wà láti 1957 títí dé 1974. Iwájú ni tòun náà ti ń jáde. Nọ́ńbà mẹ́ta ìparí tí wọ́n dà sára irin rẹ̀ ni kí ẹ kà: 741, 742 tàbí 489. Oríṣi píníọ̀nì mẹ́ta ni, 741 ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Àwọn ọkọ̀ Chrysler tó lágbára jù, bí àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì Hemi 426 pẹ̀lú jíà ọwọ́, ń lo dífẹ́ríńṣà Dana 60. Kíráùn ti Dana yẹn tó 9.75 íńṣì, bóòtù mẹ́wàá péré ló sì de ìdérí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ irú èyí tó jẹ́, ẹ wádìí nọ́ńbà rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí pùròpẹ́là ń yí kí ẹsẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eyín kíráùn tí a fi eyín píníọ̀nì pín ni. Bí kíráùn bá ní eyín 41, tí píníọ̀nì ní 11, 3.73 ni. Lábẹ́ bóòtù kan lára dífẹ́ríńṣà Ford, páálí irin kékeré máa ń wà. Bí ẹ bá rí 3L50 níbẹ̀, 3.50 ni, L àárín sì ń sọ pé oríṣi tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ méjèèjì ni. Èmi kì í gba páálí gbọ́ tán. Àádọ́ta ọdún ti kọjá lórí àwọn ọkọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti dé inú wọn, ẹni tó yí jíà padà kì í sábà yí páálí.

Ẹ kà á fúnra yín. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kí ẹ fi ìdúró irin tì í dáadáa, jáàkì nìkan kò tó. Ẹ fi jíà sí nútúrà, ẹ yí ẹsẹ̀ kan. Bí èkejì bá yí padà sẹ́yìn, oríṣi lásán ni. Bí méjèèjì bá jọ lọ sí ọ̀nà kan náà, ó ní ìdì nínú, èyí tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ méjèèjì: Positraction ni Chevrolet ń pè é, Chrysler ń pè é ní Sure-Grip, Pontiac ní Safe-T-Track. (Tí kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ bá ti jẹ tán, á máa ṣe bí oríṣi lásán.) Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà àti pùròpẹ́là. Fún oríṣi lásán, kí ẹnìkan di ẹsẹ̀ kejì mú, kí ẹ yí tiyín ní ẹ̀ẹ̀mejì gẹ́lẹ́. Fún onídì, ẹ jọ yí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Iye ìgbà tí pùròpẹ́là bá yí ni nọ́ńbà yín. Ìkìlọ̀ kan: bí ọkọ̀ bá ní ìdì, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sókè kí ẹ wá fi ẹ́ńjìnnì yí i. Ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ máa gbé ọkọ̀ náà kúrò lórí jáàkì, á sì wá bá yín.

Ibi yíyan nọ́ńbà dífẹ́ríńṣà ni àwọn ènìyàn mi ti ń ṣìnà jù. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sọ 4.10, nítorí wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. 4.10 dùn láti iná pupa kan sí èkejì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹ mú máìlì tí ẹ ń sá ní wákàtí kan, ẹ fi nọ́ńbà dífẹ́ríńṣà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi 336 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi gíga táyà ní íńṣì pín in. Táyà 26 íńṣì, eré 70 máìlì, jíà òkè tí kò dín ohunkóhun kù: 4.10 á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí nǹkan bí 3,700 ní ìṣẹ́jú kan, 3.42 á sún mọ́ 3,100, 3.08 á wà ní 2,800. Láti Houston dé Dallas jẹ́ bí 240 máìlì. Ẹni tó bá fi 3,700 sáré débẹ̀, etí rẹ̀ á máa hó títí di ọjọ́ kejì, tẹ́ńkì rẹ̀ á sì ti gbẹ. Tí jíábọ́ọ̀sì yín bá jẹ́ 700R4, jíà kẹrin rẹ̀ ń sọ 3,700 yẹn di bí 2,600, nígbà náà ẹ lè pe 4.10. Láìsí ìyẹn, ẹ fi mí sílẹ̀.

Ó tún kù: bí ẹ bá yí nọ́ńbà padà, sípíìdómítà á bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́, àfi kí ẹ yí jíà kékeré tó ń darí rẹ̀. Ọ́ìlì tó yẹ jíà báyìí ni GL-5, onídì sì fẹ́ àfikún tirẹ̀ kí ó má baà máa gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Kí ẹni tó máa to jíà tuntun fi ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè hàn yín ibi tí eyín ti ń fẹnu kan eyín, kí ó tó pa ìdérí dé. Èyí tí kò bá tò ó dáadáa, ọkọ̀ yín á máa hu bí ìkookò ní gbogbo ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n tí mo sọ, oṣù méjì ni a fi wá òmíràn. Abẹ́ Chevelle 1972 ni a ti rí i: ìkòkò 8.5, etí méjì tí ilé iṣẹ́ dà mọ́ ọn, kókó onígun mẹ́rin méjì nísàlẹ̀. A pinnu 3.42. Wọ́n ka bóòtù, wọ́n wò mí. "Méjì ti dín, àbúrò." Mo kó píníọ̀nì méjèèjì, ti àkọ́kọ́ àti ti èyí, sórí tábìlì, mo sì na ìwọ̀n sí wọn. Wọ́n wọn ọ̀kan, wọ́n wọn èkejì, wọ́n tún padà wọn ti àkọ́kọ́. Wọ́n bú èèyàn kan tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ 1.625 sára ìdérí tuntun náà, wọ́n ní kí n má kùn ún bò.