Ẹ Má Bi Ọmọ Yẹn Léèrè Níwájú Gbogbo Pálọ̀

Tí ẹbí bá ti ń wọlé fún Kérésì, láti Èkó, láti Àbújá, láti ìlú òyìnbó, ìbéèrè kan ò ní ṣàì wáyé. Àlejò á jókòó, á mu omi, á wá wo ọmọ tó gbé omi ọ̀hún wá, á ní "Haa, ìwọ lo ga tó báyìí! Kíláàsì wo lo wà? Kí lo fẹ́ dà tó o bá dàgbà?" Ọmọ á ní dókítà. Pálọ̀ á pàtẹ́wọ́, bọ̀dá á ki ọwọ́ bọ àpò, á fún un lówó, ọ̀rọ̀ parí.

Kò parí o. Èmi tí mò ń ṣe gáídánsì kánsẹ́lọ̀ nílé-ìwé girama n'Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń gbé ìdáhùn yẹn wá tí ilé-ìwé bá wọlé ní Jánúárì, torí àwọn òbí á ti mú un bí ẹni pé ọmọ ti tọwọ́ bọ̀wé, "ó ṣáà sọ ọ́ níwájú bọ̀dá ẹ̀, bọ̀dá sì ti ní àwọn máa ràn án lọ́wọ́."

Ohun tí ọmọ ọdún 15 bá sọ níwájú àgbà méje mẹ́jọ, ẹ má gbára lé e. Ọmọ tí ẹ tọ́ dáadáa ti mọ̀ láti kékeré pé tí àgbà bá béèrè ọ̀rọ̀, èsì tí inú àgbà máa dùn sí ló yẹ kóun wá. Dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà, akáńtáǹtì, ta ló máa bá a wí fún ìyẹn? Àmọ́ kí ọmọ sọ pé irun gígẹ̀ lòun fẹ́ràn, tàbí pé òun ń bá àwọn èèyàn gé fídíò lórí fóònù, ẹ ó gbọ́ bí pálọ̀ ṣe máa dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á ní "Ìyẹn náà dáa, ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ gan-an?"

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń bọ́ sí ló jẹ́ kó le. Fọ́ọ̀mù JAMB sábà máa ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà lọ tí ọ̀rọ̀ wọn ṣì gbóná létí òbí. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lọmọ máa mú níbẹ̀, English ò ṣeé yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máàkì 100, àpapọ̀ 400. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe dókítà máa mú Bàọ́lọ́jì, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì mọ́ English, ẹni tó ń lọ fún Law gbọ́dọ̀ ní Lítíréṣọ̀ níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Láti SS1 lọmọ sì ti yan sáyẹ́ǹsì, ááàtì tàbí kọ̀máṣà. Ọmọ tó ti ń ka Lítíréṣọ̀ àti Gọ́fúmẹ́ǹtì bọ̀ láti ọdún méjì ààbọ̀, àǹtí kan wá dé láti ìlú òyìnbó ní "kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe, ẹ jẹ́ kó lọ ṣe nọ́ọ̀sì", gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí padà lọ ní January 4, ọmọ wá jókòó síwájú mi láìní Kẹ́mísìrì rárá. Ká bẹ̀rẹ̀ sáyẹ́ǹsì láti ìbẹ̀rẹ̀ fún GCE, ọdún kan tàbí méjì ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, mi ò ní kí ẹ má bi wọ́n o. Ẹ bi wọ́n dáadáa ni mò ń sọ.

Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ kúrò ní pálọ̀. A ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má máa wo ojú àgbà kòrókòró, torí náà tí ẹ bá pe ọmọ jókòó síwájú yín bí ẹni tó wá ṣe ìntáfíù fún físà, "bẹ́ẹ̀ ni sà, rárá sà" lẹ máa gbọ́ títí ẹ fi máa sùn. Ẹ mú un dání lọ ra epo jẹ́ńẹ́rétọ̀, ẹ jọ máa bó ẹ̀gúsí, ẹ jẹ́ kó bá yín fọ mọ́tò. Tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, tí ojú méjèèjì ń wo ibòmíràn, ẹnu máa ń tú fúnra ẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí kò sọ ju "ó dáa sà" lọ fún ọjọ́ mẹ́ta tó wá ń rojọ́ láti òpópónà títí dé ibi tí wọ́n ti ń ta epo.

Ìkejì, ẹ fi ohun tó fẹ́ dà sílẹ̀ ná, ẹ bi í ní ohun tó ń ṣe báyìí. "Tí ẹnikẹ́ni ò bá rán ẹ níṣẹ́, kí lo máa ń ṣe?" "Fi hàn mí lórí fóònù ẹ." "Apá wo ló máa ń sú ẹ níbẹ̀?" Ìbéèrè ìkẹyìn yìí gan-an ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹni tó ń purọ́ láti tẹ́ yín lọ́rùn ò ní mọ ohun tó máa sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe nǹkan ọ̀hún lóòótọ́ á ní ẹjọ́ láti rò. Tó bá ní "mi ò mọ̀", ẹ gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀yin náà tí ẹ ti lé ní 40, ṣé ẹ ti mọ̀ tán ni?

Mo mọ ọmọbìnrin kan tó máa ń ní dókítà ní gbogbo ayẹyẹ. Ìgbà tí àǹtí ẹ̀ kan bá a jókòó nídìí ìkòkò, ó wá hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n òun ló ń kọ ìwé ọjà ìyá ẹ̀, ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè, ó mọ iye tí páálí kọ̀ọ̀kan fi wọ́n ju ti oṣù tó kọjá lọ. Kọ̀máṣà ni ọmọ yẹn, kò sẹ́ni tó bi í ni.

Tó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ lọmọ fi ń ronú, tó ń tú rédíò tó ń tú fáànù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú poli. Yábàá Tech ti wà láti 1947. ND ọdún méjì, wọ́n á lọ ṣe IT, ìyẹn kíkọ́ iṣẹ́ níbi iṣẹ́, fún ọdún kan, HND ọdún méjì sí i, fọ́ọ̀mù JAMB kan náà sì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti òkè òkun wá, ẹ sọ òótọ́ iṣẹ́ yín fún wọn. Wákàtí mélòó, owó ilé mélòó, ìgbà wo lẹ sùn gbẹ̀yìn lálẹ́ Sátidé? Àwọn ọmọ yìí ń wo bàtà yín, wọn ò mọ̀ pé alẹ́ lẹ fi ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ sì tó ní "ṣáà parí ilé-ìwé, màá mú ẹ wá", ẹ rántí pé ọ̀nà tí ẹ gbà lọ ní 2021 lè ti dí. Láti Jánúárì 2024 ni Britain ti ní ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítàsì ò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́, nígbà tó sì di July 22, 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn fún gbígba òṣìṣẹ́ kéà tuntun, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó àti aláìlera, láti òkè òkun. Kí ọmọ má lọ fi gbogbo SS3 dúró de ọ̀nà tí kò sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà níbẹ̀. "Màá ràn án lọ́wọ́" ti ba nǹkan jẹ́ nínú ẹbí ju èébú lọ. Tó bá jẹ́ owó fọ́ọ̀mù lẹ lè san, ẹ ní owó fọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ dátà oṣù mẹ́ta, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún òbí ẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí, tí wọ́n bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ẹ má bá a dáhùn. Kí ẹ má sì pè é sẹ́yìn tí àlejò bá lọ tán pé "kí lo ń rojọ́ fún bọ̀dá?" Àlejò náà, ohun tí ọmọ bá sọ fún yín nínú mọ́tò, ẹ má gbé e dé pálọ̀ láìbi í bóyá kẹ́ ẹ sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré tẹ́ ẹ bá tú u síta, kò ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.

Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè lọ sókè náà. Àwọn tó wọ kíláàsì kìíní ní Jánúárì 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Western Region, ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dúró ní Modern School, ilé-ìwé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, torí owó girama ò sí. Kí ọmọ bi màmá àgbà pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe nígbà yẹn, kí ló dé tí wọn ò ṣe é. Tí ọmọ bá gbọ́ pé màmá náà ní ohun tó wù wọ́n tí kò bọ́ sí i, ẹnu òun náà á yá láti sọ tiẹ̀.

Tí ẹ bá ti padà dé ibùgbé yín, ẹ má fi "báwo ni ẹ̀kọ́ ẹ" ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, "fine sir" ló máa kọ. Ẹ bi í nípa nǹkan gan-an tó fi hàn yín. Tí fọ́ọ̀mù bá sì ti jáde, ẹ bi í ní sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wo ló mú, àti pé ta ló bá a mú un.