Nọ́mbà gàgàrà yẹn kọ́ ló ń ṣọ́ owó yín ní báńkì

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti kéde nọ́mbà àkọ́kọ́ (prime: èyí tí kò sí ohun tó lè pín in dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀) tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń jáde: pé òun ni báńkì yóò fi máa dáàbò bo owó wa báyìí. Ti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 náà kò yọ sílẹ̀. Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, ló rí i lábẹ́ iṣẹ́ GIMPS, níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń fi kọ̀ǹpútà wọn wá irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀: ẹ to 2 sílẹ̀ nígbà 136,279,841, ẹ fi wọ́n lọ́po ara wọn, ẹ yọ 1 nínú èsì rẹ̀. Díjíìtì 41,024,320 ló ní. Òun kọ́ sì ni ìkẹyìn. Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì, ti parí ẹjọ́ ìyẹn láyé àtijọ́: nọ́mbà àkọ́kọ́ kò lópin.

Ti báńkì ló ń sú mi. Kọ́kọ́rọ́ wo ni wọ́n ń ṣe àdàkọ rẹ̀ fún gbogbo ayé? Nínú ìlànà RSA, ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ àṣírí pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà á wá nọ́mbà àkọ́kọ́ méjì ní ìkọ̀kọ̀, á fi ọ̀kan lọ́po èkejì, èsì nìkan ni yóò fi hàn. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá jẹ́ èyí tí ìwé ìròyìn ti gbé, ẹ pín èsì náà lẹ́ẹ̀kan, èkejì á jáde.

Wọ́n á ní, “Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí òmíràn?” Ibi tí ìmọ̀ ti kù nìyẹn. Irú ti Durant, tí wọ́n ń pè ní ti Mersenne, ló ṣọ̀wọ́n: 52 péré la mọ̀. Nọ́mbà àkọ́kọ́ lásán kò ṣọ̀wọ́n rárá. Èyí tí RSA sábà ń lò kò ju nǹkan bí díjíìtì 309 lọ, láàárín àwọn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ọ̀kan nínú 710 ni nọ́mbà àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà á mú èyíkéyìí, á dán an wò, á fò lọ sórí òmíràn, kó tó pẹ́ á ti rí tirẹ̀. Wọ́n pọ̀ débi pé, bí ẹ̀rọ bá ṣà á bó ṣe yẹ, tèmi àti tiyín kò ní bára mu.

Mi ò ní gbogbo nọ́mbà tó hàn síta ni kò wúlò o. Curve25519, ìlànà ààbò mìíràn, ń lo 2 tí a tò sílẹ̀ nígbà 255, tí a fi lọ́po ara wọn, tí a wá yọ 19, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Nọ́mbà mìíràn ló fi pa mọ́. RSA fúnra rẹ̀ náà, kò sí ẹni tó tíì fi ẹ̀rí hàn pé kò sí ọ̀nà àbùjá láti tú èsì náà. Láti 1994 ni Peter Shor, onímọ̀ ìṣirò, ti fi hàn pé kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù tó bá lágbára tó lè ṣe é.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wá ta owó orí íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, tó ní nọ́mbà àkọ́kọ́ tó tóbi jù láyé ló ń ṣọ́ ọ, ẹ bi í bóyá àṣírí ni nọ́mbà náà. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Bó bá ní rárá, kí ló wá ń ṣọ́?