Jẹjẹrẹ: òótọ́ àti àgbọ́sọ

Jẹjẹrẹ ni orúkọ tí Yorùbá ń pe ọ̀wọ́ àwọn àrùn tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀yà ara kan bá ń pọ̀ sí i láìní ìjánu, tí ó sì lè ya wọ ẹ̀yà ara mìíràn. Orúkọ náà fúnra rẹ̀, tí ó ń múni rántí ohun tí ń jẹ ara lọ díẹ̀díẹ̀, tó láti dẹ́rù bani.

Ní Òṣogbo, gẹ́gẹ́ bí ní àwọn ìlú Yorùbá mìíràn, àgbọ́sọ tí ó jọ pé ó ń ṣe ìpalára jù ni pé ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kan kókó inú ọmú, nítorí pé bí wọ́n bá ti là á, ṣe ni yóò ràn ká gbogbo ara. Ibi tí èrò yìí ti wá kò ṣòro láti mọ̀. Kókó náà kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ obìnrin a máa mu àgbo tàbí kí wọ́n gun orí òkè àdúrà fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọn yóò bá fi ṣe iṣẹ́ abẹ, àrùn náà lè ti dé egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró, bí aláìsàn bá sì kú, ọ̀bẹ ni wọ́n ń di ẹ̀bi rù. Bẹ́ẹ̀ ni bíbu díẹ̀ lára kókó fún àyẹ̀wò ni dókítà fi ń mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni, ọ̀pọ̀ kókó ọmú ni kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Èyí tí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, tí kò tíì kúrò lójú kan, iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò pátápátá.

Ti owó tí àwọn ọlọ́jà, bí àwọn ti Ọjà Ọba, ń kì bọ inú kọ́mú kò gba àlàyé púpọ̀: kò sí ẹ̀rí pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Jẹjẹrẹ kì í ran ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn tàbí tí ó bá a jẹun nínú àwo kan náà. Ohun tí ó ń ràn ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tí ó lè fà á. HPV, ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí, tí ó ń ràn nípa ìbálòpọ̀, ló wà nídìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, òun sì ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní oṣù kẹwàá ọdún 2023.

Ní ti àgbo, irọ́ ni pé ewé kò wúlò fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ: láti ara òdòdó kan tí ó ṣẹ̀ wá láti Madagascar ni wọ́n ti rí vincristine, oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ oògùn yìí sọ́tọ̀, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n fínnífínní, nítorí pé àṣejù rẹ̀ lè pani; àgbo inú ìkòkò kò ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀.