Kí Ni Àtúngbéjáde Àwo Orin?

Bí àwo orin bá ti kúrò lórí àtẹ, tí ilé iṣẹ́ kan wá tún un gbé jáde lẹ́yìn ọdún pípẹ́, àtúngbéjáde nìyẹn. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ níjọ́ kìíní náà ni. Bí olórin bá padà sí sítúdíò lọ kọ orin kan náà lákọ̀tun, iṣẹ́ mìíràn ni.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Vashti Bunyan, ọmọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi gìtá kọ orin tó ṣe fúnra rẹ̀, ní ìlànà orin ìbílẹ̀ wọn. Joe Boyd ló bójú tó àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, Just Another Diamond Day, tí ilé iṣẹ́ Philips gbé jáde ní 1970. Púpọ̀ nínú orin inú rẹ̀ ló wá láti inú ìrìnàjò tí òun àti olólùfẹ́ rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin rìn lọ sí àwọn erékùṣù Scotland. Àwo náà kò tà, Bunyan sì pa orin tì. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣa àwo àtijọ́ jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó gọbọi lórí ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù. Owó yẹn kì í dé ọwọ́ olórin rárá. Ọwọ́ ẹni tó ń ta àlòkù ló ń bọ́ sí. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Spinney tún àwo náà gbé jáde ní 2000, Bunyan padà sídìí orin, ó sì ṣe àwo kejì ní 2005.

Kí ilé iṣẹ́ kan tó lè ṣe èyí, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ àti ohùn orin, tó jẹ́ ti ẹni tó ṣe orin náà, èkejì lórí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, tó sábà máa ń wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó náwó sí i. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ọdún 50 ni òfin fi ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ kejì yìí (ó di 70 ní 2013). Ẹni tó bá dà á kọ láìgbàṣẹ, ayédèrú ló ṣe.

Lẹ́yìn àṣẹ, ó ku téèpù àkọ́kọ́ tí wọ́n gba ohùn sí. Bó bá ti sọnù, wọ́n á wá àwo tí abẹ́rẹ́ kò tíì ha, wọ́n á gba ohùn lára rẹ̀. Ohùn yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́ gaara tó ti téèpù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rímásítà, ìyẹn títún ohùn àtijọ́ ṣe, ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é kì í ya gìtá kúrò lára ohùn olórin. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ló ń tún ṣe: ó lè dín híhó téèpù kù, kó sì mú kí ohùn gíga àti ti ìsàlẹ̀ bára mu. Àwọn kan máa ń fẹ́ ohùn náà sókè débi pé ibi jẹ́jẹ́ àti ibi líle á di ọ̀kan. Fún olórin tó ń kọrin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bíi Bunyan, ìbàjẹ́ gbáà nìyẹn.

Wọ́n tún máa ń fi orin tí kò sí nínú àwo àkọ́kọ́ kún un, bí wọ́n ti ṣe fún àwo Bunyan ní 2000. Kò burú, bí wọ́n bá tò ó sẹ́yìn orin tó kádìí àwo náà gan-an, tí wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí pé àfikún ni.